Ààtàn Inú Ọkọ̀ Jàlálù

Kí ọkọ̀ Jàlálù tó gbéra ní Ìlobù, àwọn ará Ìfọ́n ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́ fèrè rẹ̀. Fèrè ọ̀hún ti kú láti ìgbà ogun abẹ́lé. Èéfín ni wọ́n máa ń rí. Á kọ́kọ́ yọ lókè igi bí ìgbà tí wọ́n ń dáná sun oko, á dúdú, á ki, á wá máa bọ̀ lójú ọ̀nà níwájú ọkọ̀ bí ìránṣẹ́ tí wọ́n ní kó lọ palẹ̀ mọ́ de àlejò. Adìẹ tó bá wà nítòsí á wọlé lọ sùn lọ́sàn-án gangan. Obìnrin tó bá sá aṣọ funfun á ká aṣọ dúdú wọlé, ọkọ rẹ̀ á sì bi í pé ta ló kú. Wọ́n tilẹ̀ ní àlejò kan láti Ẹdẹ wọ inú èéfín náà lọ lọ́dún 1971 tí kò tíì jáde, pé wọ́n ṣì máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà míì tó ń bèèrè ọ̀nà.

Bọ̀lẹ̀kájà ni ọkọ̀ náà, iwájú irin, ẹ̀yìn pákó. Wọ́n kọ SÙÚRÙ LÉRÈ sí i níwájú. Ọ̀gá tó kọ́ Jàlálù níṣẹ́ ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tó rí i pé ọkọ̀ kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́, tó jẹ́ Jàlálù nìkan ló lè bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti dáná, ó tà á fún un, ó sì padà sídìí oko. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ yìí ni Jàlálù fi ń bọ́ ìyàwó rẹ̀ Mọ́ríátù àti Ọláṣùmbọ̀ ọmọ wọn. Láàárọ̀, á lọ kó èrò ní Ìfọ́n, á padà gba Ìlobù, á kọjá lọ Òṣogbo. Nírọ̀lẹ́, á kó wọn bọ̀ wálé. Kò ní oko, kò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ọkọ̀ náà bá lọ, ebi dé nìyẹn.

Bàbá Jàlálù jẹ́ ọmọ Ìlobù. Màríámọ̀, ìyá rẹ̀, jẹ́ ọmọ Ìfọ́n. Ìlú méjèèjì kò sì yé ja ìjà ilẹ̀, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pe ẹjọ́, apá ọ̀tún ara Jàlálù ló ń gbé apá òsì lọ sí kóòtù. Ó ti mọ́ ọn lára. Bí wọ́n bá bi í léèrè pé ta ló jàre, á ní òun ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, òun ò gbọ́ ìbéèrè.

Lọ́dún 1975 ni ìjọba rántí èéfín.

Ayé ti kọ́kọ́ dàrú lójú Jàlálù kó tó di ìgbà náà. Ọdún mẹ́ta ṣáájú, wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Bí ìyẹn ṣe ń wọra, wọ́n ní pọ́n-ùn àti ṣílè ti dópin, náírà àti kọ́bọ̀ ló kù. Jàlálù gbà. Sùúrù Lérè ni kò gbà. Títí di òní ni orí rẹ̀ ṣì máa ń fà sí òsì, bí àgbà tí wọ́n kó kúrò nílé àtijọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbàgbé ọ̀nà. Ìjọba náà ń wá ohun tí yóò bu owó lé. Owó orí ló mọ̀ ọ́n bù tẹ́lẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ti rí Àgbẹ́kọ̀yà, kò sì sí akọ̀wé tó fẹ́ tún dúró níwájú àgbẹ̀ kó la ẹnu pe owó orí. Wọ́n bá wá ohun tí kò lẹ́nu, tí kò sì lè gbé kùmọ̀. Wọ́n rí èéfín. Wọ́n rí ààtàn. Wọ́n so méjèèjì pọ̀ sínú òfin kan.

Wolé-wolé tó mú òfin náà wá sí gáréèjì Ìlobù ń jẹ́ Amos. Ṣòkòtò kakí péńpé ló máa ń wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún. Tanwíjí ló ń wá nínú àmù onílé kiri tẹ́lẹ̀, wọ́n wá gbé èéfín lé e lórí láìfi kún owó oṣù rẹ̀. Ó gun orí àpótí, ó ka òfin náà.

"Ọkọ̀ tó bá ń rú èéfín yóò san owó èéfín," ó ní. "Èyí tí kò bá san, a ó gbẹ́sẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá ń kó ààtàn ìlú, ìjọba ti yọ ọ́ sílẹ̀, torí iṣẹ́ ìjọba ló ń bá wọn ṣe."

Jàlálù nawọ́. "Ọ̀gá, bí ọkọ̀ tó ń kó ààtàn bá ń rú èéfín ńkọ́?"

"Èéfín yẹn ti di èéfín ìjọba."

"Kò ní pani lójú mọ́?"

"Yóò pani lójú. Kò kàn ní sanwó ni."

Amos fa áńkáṣíìfù funfun kan yọ, ó ní ohun tí wọ́n fún àwọn láti fi wọn èéfín nìyí. Ó so ó mọ́ ẹnu sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín Sùúrù Lérè, ó ní kí Jàlálù dáná, òun yóò ka ení dé ẹ̀wá, òun yóò sì wo bó ṣe dúdú tó. Ó kà á dé ẹ̀ta. Nígbà tí yóò fi dé ẹ̀rin, áńkáṣíìfù kò sí mọ́. Kò jóná, kò já bọ́. Ó kàn di ara èéfín, ó bá a lọ. Ìgbà tí ojú mọ́ díẹ̀, wọ́n bá Amos níbi tó wà, wọ́n fi omi bọ́ ọ lójú, ó sì wo inú ìwé rẹ̀ pẹ́. Ó ní owó tí ìwé náà bù lé irú èéfín báyìí, bí wọ́n ta ọkọ̀ tí wọ́n ta dẹ́rẹ́bà mọ́ ọn, kò ní pé.

"Ọjọ́ méje ni mo fún ọ," ó ní. "O sanwó, tàbí o kó ààtàn, tàbí kí ọlọ́pàá wá wọ́ ọkọ̀ lọ."

Jàlálù kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ààtàn kì í ṣe wúrà. Ta ni yóò bá òun du ìdọ̀tí?

Ààtàn kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé Amos, èyí tó wà lójú ọ̀nà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Kì í ṣe kékeré. Bí èèyàn bá gun orí rẹ̀ nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́, wọ́n ní ó lè rí ohun tí wọ́n ń sè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí òfin sì wí ni pé kí ẹni tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ kọ́kọ́ yọ̀ǹda kí ọkọ̀ tó kó o.

Jàlálù lọ bá Bàbá Ògúnkọ̀yà ní Ìlobù, olórí ẹbí tó ń pe ẹjọ́ ilẹ̀ náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá."

"Jàlálù. O kú iṣẹ́ èéfín."

"Bàbá, ààtàn kan ni mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n kó. Èyí tó wà lọ́nà Ìfọ́n."

Orógbó tí bàbá ń jẹ dúró lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀nà wo? Ọ̀nà oko bàbá mi ni àwọn aláìmọ̀kan ń pè ní ọ̀nà Ìfọ́n. Tẹ́tí, ọmọ yìí. Ìdọ̀tí bàbá mi wà nínú ààtàn yẹn. Ìdọ̀tí bàbá tó bí i wà lábẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀, ìkòkò tí ìyá mi àgbà fọ́ lọ́jọ́ tó bínú kúrò nílé ọkọ ni wọn yóò bá. Ìwé wo ni Ìfọ́n ní tó ju ìyẹn lọ? Ẹjọ́ wà ní kóòtù, ìwọ fẹ́ lọ kó gbogbo ẹlẹ́rìí mi dànù."

Jàlálù dìde, ó kọjá sí Ìfọ́n, ó bá Bàbá Oyèbọ̀dé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó ń rojọ́ ilẹ̀ náà lápá tiwọn. Bàbá Oyèbọ̀dé gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí, ó mi orí.

"Ìwo àgbò tí a pa nígbà tí a sọ ìyá rẹ lórúkọ wà nínú ààtàn yẹn," ó ní. "Ta ni yóò jẹ́rìí fún mi pé ilẹ̀ wa ni, bí o bá kó o lọ? Ṣé ìwọ ọmọ Màríámọ̀ ni yóò kó ìwo àgbò ìyá rẹ lọ fún Ìlobù?"

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìlú méjèèjì ti fi ẹ̀ṣọ́ sídìí ààtàn. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn àgbààgbà Ìlobù ní kí gbogbo ilé kó ìdọ̀tí wá, kí ó lè hàn pé àwọn ni àwọn ń lò ó. Ìfọ́n gbọ́, wọ́n kó tiwọn ní ìlọ́po méjì. Ẹni tí kò ní ìdọ̀tí nílé ń yá a lọ́wọ́ aládùúgbò. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ di ẹni tó ń gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ àwọn ilé kan fi lọ sísàlẹ̀ tí onílé ń lo àkàbà láti jáde. Òfin tí ìjọba ṣe kí ààtàn lè dínkù ti sọ ọ́ di òkè.

Ọjọ́ karùn-ún, Jàlálù jókòó síwájú ilé, ó ń wo Sùúrù Lérè bí ẹni ń wo aláìsàn.

"Bàbá Ọláṣùmbọ̀," Mọ́ríátù ní, "ẹni tó bá fẹ́ dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, kí ló ń ṣe?"

"Á gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún onílẹ̀."

"Kí ni onílẹ̀ máa fi ṣe?"

"Á jẹ ẹ́. Kì í ṣe torí jíjẹ ni. Bó o bá ti gbé e fún un lọ́dọọdún, o ti sọ pé òun ló nilẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ lọ kó ààtàn."

"Ta ló ti san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ààtàn rí?"

"Ta ló ti san owó lórí èéfín rí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ó gbé iṣu mẹ́fà àti ẹja gbígbẹ lọ fún Bàbá Ògúnkọ̀yà. Bàbá wo iṣu náà. Ó di èyí tó tóbi jù mú bí ẹni di ìwé ìdájọ́ mú. Ẹni tó wá gba àyè lórí ilẹ̀ dé, ó sì mú ìṣákọ́lẹ̀ wá. Kóòtù wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní dáre?

"Ta lo ní ó nilẹ̀?" ó bi í.

"Ẹ̀yin lẹ nilẹ̀, bàbá."

"Tún un sọ."

Jàlálù tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló gbé iṣu mẹ́fà mìíràn àti ẹja mìíràn lọ sí Ìfọ́n, ó sì sọ ohun kan náà fún Bàbá Oyèbọ̀dé. Ẹnu kan náà ni; ó kàn fi omi ṣàn án lójú ọ̀nà. Àwọn bàbá méjèèjì pe ẹ̀ṣọ́ wọn padà, oníkálukú sì rò pé ẹ̀rù òun ló ba èkejì. Lọ́jọ́ keje, Jàlálù kó ààtàn sínú ọkọ̀ tó fi kún dé ìbàdí èèyàn. Amos dé, ó wò ó, ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀.

"Ibo ni kí n lọ dà á sí, ọ̀gá?"

"Ibi tí ìjọba bá fọwọ́ sí."

"Ibo nìyẹn?"

"Wọn kò tíì fọwọ́ sí i. Fáìlì rẹ̀ wà ní Ìbàdàn."

"Kí n dà á padà síbi tí mo ti kó o ńkọ́?"

"O dalẹ̀ síbi tí ìjọba kò fọwọ́ sí nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n ni."

"Kí n dà á sẹ́yìnkùlé mi?"

"Bí o bá ti dà á, ọkọ̀ rẹ kì í ṣe ọkọ̀ ààtàn mọ́. Wàá san owó èéfín."

Jàlálù rò ó. "Ìyẹn ni pé n kò ní sanwó níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń kó ààtàn tí n kò sì dà á."

Amos yẹ ìwé rẹ̀ wò láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún un yẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. "Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn," ó ní. "Kò yé èmi náà."

Báyìí ni Sùúrù Lérè ṣe ń gbé ààtàn lọ sí Òṣogbo láàárọ̀, tó sì ń gbé ààtàn kan náà bọ̀ nírọ̀lẹ́. Jàlálù to pákó ìjókòó lé e lórí, ó ní kí èrò wọlé. Àbọ̀kẹ́, tó ń ta ọṣẹ dúdú ní Òṣogbo, tí kì í sì í dákẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá wà, ló kọ́kọ́ gùn ún.

"Jàlálù," ó ní, "ṣé àwa là ń gun ààtàn ni, àbí ààtàn ló ń gùn wá?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ìjọba ló ní ká máa gbé e."

"Ìjọba ọ̀hún, níbo ló máa ń jókòó sí nínú ọkọ̀ yìí? Kí n lè sún fún un."

Nígbà tó ṣe, ó mọ́ wọn lára. Èéfín pa òórùn, òórùn pa ẹ̀fọn, wọ́n sì ń sọ pé kò sí ibi tí èèyàn ti lè sùn ní gbogbo agbègbè náà láìsí ẹ̀fọn bí ẹ̀yìn ọkọ̀ Jàlálù. Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àbọ̀kẹ́ fẹ́ gbé ẹsẹ̀, nǹkan kan fà á lẹ́sẹ̀. Ìtàkùn elégédé ni.

Ó ti wà nínú ààtàn, kóró tí ìyàwó ẹnì kan dànù ní Ìlobù tàbí ní Ìfọ́n. Bó ṣe rí òjò àti eérú, ó ya. Ó gba ẹ̀gbẹ́ pákó jáde, ó gun orí ọkọ̀, ó bo SÙÚRÙ mọ́lẹ̀, ó wá ku LÉRÈ nìkan. Ewúrẹ́ ń sá tẹ̀ lé e láti Ìfọ́n dé Òṣogbo. Ọdẹ kan rí i níbi tó ti ń gòkè bọ̀, ó sọ ìbọn sílẹ̀, ó sá relé, ó ní òun rí igbó tó ń rìn tó sì ń mu tábà. Èso rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé lórí ọ̀kan, èrò méjì ló ń jókòó, wọ́n sì máa ń jà du àyè náà.

Nígbà tí ọyẹ́ lọ, tí ewé gbẹ tí èso kù, ó pé ọdún tí Jàlálù san ìṣákọ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún 1976, Bàbá Ògúnkọ̀yà rìn wá sí gáréèjì láti wá gba tọdún yìí, níwọ̀n bí oko ti so. Ó dúró lápá ọ̀tún ọkọ̀. Bàbá Oyèbọ̀dé gun kẹ̀kẹ́ dé láti Ìfọ́n, ó dúró lápá òsì, òun náà ń wo èso. Ibi tí oníkálukú ti na ọwọ́ sí elégédé kan náà ni ojú wọn ti ṣe mẹ́rin.

"Oyèbọ̀dé, kí lò ń wá nínú oko mi?"

"Oko ta? Ọmọ àbúrò mi ló ń dá a, lórí ilẹ̀ mi. Iṣu mẹ́fà ló gbé wá."

"Iṣu mẹ́fà ló gbé wá fún èmi náà."

Àwọn méjèèjì wá ojú Jàlálù.

Jàlálù fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Bó bá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá Ìlobù, ó kẹ̀yìn sí bàbá Ìfọ́n. Bó bá dọ̀bálẹ̀ fún ti Ìfọ́n, ó kẹ̀yìn sí ti Ìlobù. Ó bá rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, láàárín táyà, kí ó lè wà níwájú àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ó ní lábẹ́ ọkọ̀, "ẹ dáríjì mí."

"Àṣà kò ní ìdáríjì níbẹ̀," Bàbá Ògúnkọ̀yà ní. "Ẹni tó bá gbé ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ méjì ti sọ oko nù. Onílẹ̀ ń gba oko rẹ̀ padà ni."

"Ọ̀rọ̀ nìyẹn," Bàbá Oyèbọ̀dé ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti ogójì ọdún tí ọ̀rọ̀ wọn yóò bára mu. "Èmi náà gba oko mi padà."

Jàlálù gbọ́ bí wọ́n ṣe fọwọ́ lé pákó ọkọ̀ lápá kìíní kejì. Oko wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá gba oko, ọkọ̀ ló gbà. Ó rí Mọ́ríátù lọ́kàn rẹ̀, ó rí Ọláṣùmbọ̀ níbi tó ti ń bèèrè oúnjẹ. Èéfín kò gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ òun, ìjọba kò gbà á. Iṣu méjìlá ló fẹ́ gbà á.

Amos ló dé, ó mú lẹ́tà tuntun lọ́wọ́. Ó ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ti kú, àwọn ti di Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pé Ìbàdàn náà ni fáìlì ṣì wà, fáìlì ọ̀hún kò sì tíì mọ̀ pé ìpínlẹ̀ ti yí orúkọ padà. Ó tẹ ojú mọ́ lẹ́tà.

"Wọ́n ti tún òfin ṣe," ó ní. "Ẹni tó ni ilẹ̀ ààtàn ni yóò máa san owó èéfín ọkọ̀ tó bá ń kó o. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ta ló ni ilẹ̀ inú ọkọ̀ yìí?"

Ọwọ́ méjèèjì kúrò lára pákó.

"Bàbá Ògúnkọ̀yà, ṣé ẹ̀yin ni?"

Bàbá wo ẹnu sàlẹ́ńsà. "N kò wí pé èmi kọ́."

"Ṣé kí n kọ orúkọ yín sílẹ̀?"

"N kò wí bẹ́ẹ̀ náà."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sẹ́ ilẹ̀ náà," Bàbá Oyèbọ̀dé ní.

"Ẹ̀yin ló ni ín nìyẹn, bàbá?"

"Pé òun sẹ́ ẹ ni mo ní kẹ́ ẹ kọ. N kò ní kẹ́ ẹ kọ èmi."

Oòrùn gòkè. Àwọn bàbá méjèèjì jókòó, wọ́n kò jẹ, wọ́n kò mu. Ẹni tó bá ní òun ló ni ín, owó èéfín yóò jẹ oko tó ní àti èyí tó ṣì ń rojọ́ lé lórí. Ẹni tó bá ní òun kọ́, kóòtù yóò gbọ́. Amos yí sí abẹ́ ọkọ̀.

"Ìwọ Jàlálù ńkọ́? Ọkọ̀ ta ni?"

Jàlálù fẹ́ sọ pé tòun ni. Ó wá rí i pé bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, owó èéfín di tòun, ilẹ̀ inú rẹ̀ di tòun, ìlú méjèèjì sì di ọ̀tá òun.

"Ọ̀gá," ó ní, "láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń rò ó."

Amos fi lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé rẹ̀ họ orí. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó ni ín kò tíì hàn, pé a kò lè gbẹ́sẹ̀ lé ohun tí a kò mọ ẹni tí a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọkọ̀ náà máa rìn lọ títí Ìbàdàn yóò fi fèsì. Ó lu òǹtẹ̀. Àwọn bàbá dìde. Bàbá Ògúnkọ̀yà mú elégédé kan, ó ní kì í ṣe ìṣákọ́lẹ̀, kì í sì í ṣe pé kì í ṣe ìṣákọ́lẹ̀. Bàbá Oyèbọ̀dé so tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó gùn ún relé.

Jàlálù jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó gbọn eruku nù. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò lè gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé kan náà ló sì wí pé kì í ṣe tirẹ̀. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ tàbí kí òun sunkún. Ó dáná sí i. Adìẹ gáréèjì wọlé lọ sùn.

Obìnrin àlejò kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi gèlè bo imú, ó ń wo ìtàkùn, ó ń wo ààtàn, ó ń wo èrò tó jókòó lórí elégédé.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ta nìyí?"

Jàlálù tún ṣí ìwé náà wò.

"Ẹ wọlé, ìyá," Àbọ̀kẹ́ ní láti òkè, ó sì sún fún un. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn ju Òṣogbo lọ."